Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ lórí Pípín Agbára Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n etí ọ̀sà Àgbádárìgì ni n óò ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwọn oníṣòwò tó ń ti ọjà Agbálátà lọ sí Àjàṣẹ́ fẹ́ gba àyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó ní àpò àgbọn méjì gba àyè mẹ́wàá, ó ní bóyá ẹrù òun á pọ̀ sí i. Ọlọ́kọ̀ wo ìwé, ó ní ọkọ̀ ti kún. Ó gbéra pẹ̀lú àyè òfìfo, ó fi àwọn tó lẹ́rù sílẹ̀ ní èbúté.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń rí níbi tí a bá so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ láti máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Ẹ̀rọ alákòóso ló ń pín iṣẹ́ fún wọn. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni Kubernetes, tí Google gbé jáde ní 2014. Oníṣẹ́ ni yóò sọ iye agbára ìṣírò àti àyè ìrántí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́. Ohun tó bá béèrè ni alákòóso ń kà sí i lọ́rùn, kì í ṣe ohun tó lò.

Ní 2014 kan náà, Delimitrou àti Kozyrakis ti Yunifásítì Stanford kọ̀wé nípa àwọn kọ̀ǹpútà Twitter. Agbára ìṣírò tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀ ń tó 80 nínú 100. Èyí tí wọ́n lò kò tó 20.

Kí ló fà á? Ìbẹ̀rù ni. Bí agbára ìṣírò kò bá tó, iṣẹ́ yóò kàn máa falẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí àyè ìrántí bá tán, ẹ̀rọ yóò pa iṣẹ́ náà lójijì. Oníṣẹ́ a wá béèrè ju bó ti yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tí kò ríṣẹ́ ṣe ṣì ń jẹ iná, epo jẹnẹrétọ̀ kò sì rọ̀ lọ́rùn nílẹ̀ wa.

Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta ni mo rí. Èkíní, kí a kọ́kọ́ wọn ohun tí iṣẹ́ ń lò, pàápàá nígbà tó bá pọ̀ jù, kí a sì fi díẹ̀ lé e. Èkejì, kí a fi ààlà sí ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ẹ̀kẹta, kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ṣọ́ ọ, kó máa dín in, kó máa fi kún un. Google ròyìn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Autopilot, ní 2020. Níbi tí ènìyàn ti fọwọ́ pín in, 46 nínú 100 ló ń ṣòfò. Níbi tí Autopilot ti pín in, 23 péré ni. Iye iṣẹ́ tí àìtó ìrántí ń ṣe lọ́ṣẹ́ gidigidi sì tún dín kù di ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí: ìwọ̀n ló dáàbò bo iṣẹ́, kì í ṣe àníjù. Àyè tí a gbà tí a kò lò, ẹlòmíràn ni a fi dù. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.