Owó Ẹyọ Mẹ́fà, Nọ́ńbà Mẹ́rin

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí ọkàn ẹnì kan bá fà sí ẹlòmíràn, tí kò sì fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, owó ẹyọ mẹ́fà ni yóò sín sínú okùn, yóò wá fi rán ọmọdé. Ẹni tó gbà á kò ní bi ọmọ náà léèrè ohunkóhun. Ẹ̀fà ni owó yẹn, ọ̀rọ̀ sì ti wà nínú iye rẹ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Bí inú òun náà bá dùn sí i, owó ẹyọ mẹ́jọ ni yóò dá padà, pé èrò àwa méjèèjì jọra. Ọmọ tó jẹ́ iṣẹ́ náà lọ, tó jẹ́ ẹ bọ̀, kò mọ ohun tó gbé dání.

Àrokò là ń pe èyí, a sì ti kà á mọ́ ohun tó ti kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọbìnrin iléèwé girama ní Jàpáànì, tí wọn ò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú rí, fi ẹ̀rọ kékeré kan pa irú àrokò yìí gan-an. Ọ̀dọ̀ wọn ni màá ní kí ẹni tó bá ń ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́ kì í gbé ìpè mọ́, pé àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n ń fi dá èèyàn lóhùn, kọ́kọ́ yà.

Ẹ̀rọ náà ni pẹ́jà. "Pokeberu" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọdún 1968 ló dé ìlú Tokyo, àwọn oníṣẹ́ ló sì wà fún: dókítà, akọ̀ròyìn, ẹni tó ń kiri ọjà fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn máa ń dún ni. Bó bá ti dún, ẹni tó so ó mọ́ bẹ́líìtì á wá fóònù ìgboro kiri, á pe ọ́fíìsì. Lọ́dún 1987 ni èyí tó lè fi nọ́ńbà hàn jáde, kí ẹni tí wọ́n ń wá lè mọ nọ́ńbà tí yóò pè padà. Àwọn tó ṣe é rò pé ibẹ̀ ló parí sí.

Àwọn ọmọ iléèwé ka nọ́ńbà náà sétí. Gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ní ení, ọ̀kan àti kan fún iye kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà àwọn ará Jàpáànì ní ju ìpè kan lọ. Mẹ́ta lè jẹ́ "san", ó sì lè jẹ́ "mi". Mẹ́rin lè jẹ́ "shi" tàbí "yo". Ení ni "ichi". Ẹ wá fi ojú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wo 3341: sa, mi, shi, i. "Samishii" nìyẹn, ìyẹn ni pé ó ń ṣe mí bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. 0840 ni "ohayō", ìkíni àárọ̀. 0906 ni "okureru", màá pẹ́ kí n tó dé. 724106 ń béèrè pé kí lò ń ṣe lọ́wọ́. Èyí tó dùn jù nínú wọn ni 14106, "aishiteru", mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Bí aago ìsinmi bá ti lù, wọ́n á sáré tò sídìí fóònù ìgboro tó wà nítòsí iléèwé, ìka wọn á máa sáré lórí bọ́tìnnì, wọ́n á fi fóònù sílẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu. Nígbà tó fi di 1996, àwọn tó ní pẹ́jà ní Jàpáànì ti lé ní mílíọ̀nù 10.

Kí ló dé tí wọn ò kàn pe ara wọn? Fóònù wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé níbẹ̀ nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni Shunya Yoshimi, onímọ̀ nípa àwùjọ, tọ́ka sí ibi tí wọ́n máa ń gbé fóònù sí nínú ilé. Lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ máa ń wà, níbi tí àlejò ti ń bọ́ bàtà, nítorí pé ohùn ará ìta ló ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ló wọ pálọ̀, kó tó wá dé yàrá ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ bá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ kọjá lọ́wọ́ bàbá ọmọbìnrin náà. Bàbá ló máa gbé e, bàbá ló máa béèrè pé ta ni, yóò sì wà lórí ìjókòó títí ọ̀rọ̀ á fi tán. Kò yẹ kó ṣòro fún wa láti lóye èyí. Ẹni tó bá gbé nínú ilé tí fóònù NITEL wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Dádì mọ bí ohùn ṣe máa ń fún mọ́ èèyàn lọ́fun. Nọ́ńbà mẹ́rin lórí pẹ́jà gba ẹ̀yìn bàbá kọjá.

Ibi tí ọ̀nà wa ti yà sí tiwọn ni inú ọkọ̀. Nínú dánfó tó ń lọ sí Ìkòròdú, bí ìyá kan bá ń bá ẹni tó jẹ ẹ́ lówó jà lórí fóònù, gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́. Kó tó sọ̀ ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀bù, èrò méjì ti gbà á nímọ̀ràn, ẹ̀kẹta ti bá a ṣépè. Ohùn ẹni kì í ṣe ẹrù fún ará ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Tokyo, ẹrù ni. Lówùúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, èrò a há mọ́ ara wọn nínú ọkọ̀ ojú irin débi pé apá kò ní ṣe é gbé, síbẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ ẹnì kan tó ń pe fóònù. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ á máa kéde pé kí wọ́n fi fóònù sí ibi tí kò ti ní dún, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ má pe ẹnikẹ́ni. Títí di ọdún 2015, lẹ́bàá ìjókòó àwọn arúgbó, aláìsàn àti aboyún, wọ́n máa ń ní kí wọ́n pa á pátápátá nígbàkigbà, nítorí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ló ń lo wákàtí kan lójú ọ̀nà kó tó débi iṣẹ́, wákàtí kan mìíràn ní bíbọ̀. Ìka wọn dilẹ̀, ẹnu wọn nìkan ni wọ́n dí. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọn ì bá máa kọ, kí tún ni?

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ NTT DoCoMo gbé i-mode jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1999, tí èèyàn lè fi fóònù àpò rẹ̀ kọ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ ti là sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kúrú, kò ju àmì 250 lọ, èdè Jàpáànì sì jẹ́ èdè tó fi ọ̀wọ̀ ṣe ìdí bíi tiwa. Ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ sọ láìkí èèyàn, ó ti rí i fín nìyẹn. Shigetaka Kurita, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ i-mode, bá wọn ya àwòrán kéékèèké 176, tó fi àmì kóńkó méjìlá ní ìbú àti méjìlá ní òró to ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pé kí ọkàn ẹni tó ń kọ̀wé lè hàn níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá tó. Lára ibi tí émójì tó wà lórí fóònù yín ti ṣẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 2016, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York, MoMA, gba 176 náà sí àárín ohun tí wọ́n ń tọ́jú.

Ohun kan wà nínú àṣà wọn tí mo fẹ́ràn gidigidi. Mizuko Ito àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ Jàpáànì láti mọ bí wọ́n ṣe ń lo fóònù, tí wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2005, rí i pé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kì í ṣàdédé pe ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: ṣé ó ṣeé sọ̀rọ̀ báyìí? Bí ìdáhùn bá wá, ìgbà náà ni wọ́n máa pè. Àwọn àgbàlagbà wa tó ń rò pé ìwà àjèjì lèyí gbàgbé ohun tí àwọn fúnra wọn ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà onílé. Kò sí ọmọlúwàbí tó ń já wọ agbo ilé ẹlòmíràn láìké "Àgò onílé o!", tí kò sì dúró kí wọ́n dá a lóhùn pé "Àgò yà!" kó tó tẹ̀ síwájú. Fóònù ló já wa wọlé láìkágò. Ó ń dún lórí oúnjẹ, ó ń dún nínú ìsìnkú, ó ń dún nígbà tí èèyàn ń ki ìrun lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tó ṣáájú ìpè ló dá àgò padà.

Ọdún 2011 ló wá fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ilẹ̀ mì ní ìhà àríwá ìlà oòrùn Jàpáànì, òkun sì ya wọ̀lú. Gbogbo ènìyàn ló di fóònù mú lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà, ìpè fóònù máa ń gba ọ̀nà kan fúnra rẹ̀ ni, kò sì ní fi í sílẹ̀ títí ẹni méjèèjì á fi sọ̀rọ̀ tán. Bí ìpè bá ti pọ̀ ju ọ̀nà lọ, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù á dí púpọ̀ nínú rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ má bàa wó. Níbi tó burú dé, nínú ìpè 100, wọ́n dí tó 95. Dátà ní tirẹ̀ máa ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á dúró de àyè, á yọ́ kọjá. Èyí tí wọ́n dí nínú rẹ̀ kò ju 30 nínú 100 lọ, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ò tilẹ̀ dí tiwọn rárá. Ìpè kọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ dé.

Nínú oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni LINE jáde, ohun tí àwọn ará Jàpáànì ń lò bí àwa ṣe ń lo WhatsApp. Bí ẹni tí ẹ kọ̀wé sí bá ti ṣí i, àmì "kidoku" á yọ: ó ti kà á. Lójú ẹni tó ń wá ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn àjálù, àmì yẹn nìkan tó ìròyìn ayọ̀. Kò dáhùn o, ṣùgbọ́n ó kà á, a jẹ́ pé ó wà láàyè. Lọ́jọ́ tí kò sí àjálù, àmì kan náà wá di ìjà. O kà á, o ò dá mi lóhùn, kí ni mo fi ṣe ọ́? Àwọn ọmọ iléèwé ń sunkún nítorí rẹ̀, wọ́n sì ní orúkọ fún ìwà náà. Àwa tó ń wo máàkì búlúù méjì lórí WhatsApp kò níláti bi wọ́n léèrè pé kí ló ń dun wọ́n.

Àwa náà ti pa àrokò tiwa lórí fóònù kó tó di pé a ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó báyìí. Nígbà tí GSM dé sí Nàìjíríà lọ́dún 2001, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, bí èèyàn bá sì fi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún pere sọ̀rọ̀, owó odindi ìṣẹ́jú ló máa san. Fláàṣì, ìyẹn ká pè ká sì gé e kí wọ́n tó gbé e, la fi gba ara wa là. Fláàṣì kan: mo ti délé. Méjì: pè mí, mi ò ní káàdì. Tọkọtaya, oníṣòwò àti oníbàárà rẹ̀, kálukú ló ní àdéhùn tirẹ̀, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó ń lọ. Ìgbà tí Glo dé lọ́dún 2003 tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Síbẹ̀, mi ò gbà pé ibi tí Jàpáànì gbà ni a máa gbà tán. Èdè wa kò fẹ́ kí ohùn kúrò. Bí oníbàárà bá kọ "fi igba ranse" láìfi àmì sí i, ṣé igbá ló ń fẹ́ ni, àbí ẹyọ 200? Oníṣòwò á tún pè é dandan. Láti ọdún 2013 tí WhatsApp ti fi fọ́ìsì nóòtì sí i ni a ti rí ohun tó bá wa lára mu: ohùn tó ń rin ìrìn lẹ́tà. Ìyá tí kò kàwé ní Ìbàdàn á tẹ àmì kékeré yẹn mọ́lẹ̀, á ki ọmọ rẹ̀ tó wà ní Peckham ní London láàárọ̀, á kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, á bi í bóyá ó ti jẹun, á gbàdúrà fún un, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà wà lẹ́nu iṣẹ́, kò lè gbé ìpè. Nígbà tó bá jókòó oúnjẹ ọ̀sán ló máa tẹ́tí sí i, ó sì lè gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bó bá wù ú. Ìpè fóònù kò fún ẹnikẹ́ni ní irú èyí rí.

Àwọn ará Jàpáànì tó sá fún ìpè tó bẹ́ẹ̀ pàápàá ní ibi tí wọ́n pa ohùn mọ́ sí. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó pa ènìyàn tó lé ní 6,000 ní Kobe àti agbègbè rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ NTT dá nọ́ńbà 171 sílẹ̀ lọ́dún 1998. Bí àjálù bá dé, ẹni tó wà níbẹ̀ á tẹ 171, á tẹ nọ́ńbà fóònù ilé rẹ̀, á fi ohùn sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá: mo wà ní iléèwé tí wọ́n kó wa sí, ara mi le, ẹ má wá mi lọ sílé. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní ìlú mìíràn á tẹ nọ́ńbà kan náà, á gbọ́ ọ. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ 15 oṣooṣù, ẹnikẹ́ni lè fi í dánra wò, kí ọmọdé lè mọ̀ ọ́n lò kó tó di ọ̀ràn.

Lọ́dún 2011 yẹn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, omíyalé ya wọ Ìbàdàn, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ó yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù wa àti ìjọba jókòó lórí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kí omi tó tún kún. Kò béèrè dátà, kò béèrè fóònù olówó ńlá, ìyá tí kò mọ̀wé kọ lè lò ó, yóò sì fi Yorùbá rẹ̀ sọ ibi tó wà.