Apá Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ Gbà ní Ojú Títì

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko, sí ọjà àti sí ilé ìsìn, ọ̀ràn kan wà tí a fẹ́ là yé yín. Púpọ̀ nínú yín a máa gba apá òsì títì, kí ojú yín lè ko ti mọ́tò tí ń bọ̀; ẹ ní ohun tí ojú bá ti rí tẹ́lẹ̀ ni ara lè yẹ̀ fún. Èyí tọ́ fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Kò tọ́ fún ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí mọ́tò bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, tí kẹ̀kẹ́ sì ń lọ ní 15, tí 100 mítà sì wà láàrin wọn, ìṣẹ́jú àáyá 8 ni awakọ̀ ní kí ó tó bá kẹ̀kẹ́ náà, bí àwọn méjèèjì bá kọjú sí apá kan náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dojú kọ ara wọn, àkókò náà kò pé 5. Ẹlẹ́sẹ̀ lè bẹ́ sínú koríko. Ta ni yóò bẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àpò gàrí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́? Bákan náà, awakọ̀ tí ń ti ọ̀nà kékeré yà sí ọ̀tún bọ́ sí títì, apá òsì rẹ̀ ni yóò máa wò, níbi tí mọ́tò ti ń bọ̀. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ tí ó gba apá òdì yóò ti ọ̀tún yọ sí i lójijì.

Àwọn bàbá wa kò ṣìnà nígbà tiwọn, nítorí apá òsì ni òfin Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí a yí i sí ọ̀tún. Ẹ gba ọ̀tún, ní ẹ̀bá títì.

Ẹ sì kíyè sí bíréèkì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí kẹ̀kẹ́ yóò rìn lẹ́yìn tí a ti tẹ bíréèkì kí ó tó dúró a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí òjò bá sì ti pa ríìmù, rọ́bà bíréèkì kì í tètè dì í mú. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí omi lè kúrò lára rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, iná iwájú nìkan kò tó, nítorí láti ẹ̀yìn ni mọ́tò yóò ti máa bá yín. Ìdì igi a sì máa bo gíláàsì pupa tí ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹ so aṣọ funfun mọ́ ìdí ẹrù náà kí ẹ tó kúrò ní oko.