Ohun Tó Ń Di Bárakú àti Làákàyè Ọmọ Ènìyàn

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ọmọdékùnrin kan ló fi bi wá léèrè lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ó ń múra ìdánwò WAEC lọ́wọ́. Ó ní, "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ kíláàsì wa ní ẹni tí kò bá lo nǹkan kò lè kàwé kó yé e. Wọ́n ní ó máa ń la ọpọlọ. Ṣé òótọ́ ni?"

A ò yára dá a lóhùn. Bí a bá kàn sọ fún un pé hárámù ni, ó ti mọ ìyẹn. Ilé kéwú ti kọ́ ọ kí ó tó mọ ABD. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí à ń pe ọtí, khamr, àti khimar, ìbòrí tí àwọn ìyá wa ń lò, inú gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti hù: ohun tó ń bo nǹkan. Ìmáàmù Al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, ka làákàyè mọ́ ohun márùn-ún tí òfin ẹ̀sìn wà láti dáàbò bò. Gbogbo èyí ni a ti ń wí lórí mínbárì. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà ń bèèrè ni bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú orí. Ìbéèrè gidi ni, a ò sì gbọdọ̀ fi ìbínú dá a lóhùn.

Àwẹ̀ tí a wà nínú rẹ̀ yìí gan-an lè là á yé wa. Ẹ wo bàbá kan tí ń mu páálí sìgá kan lójúmọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àwẹ̀, títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ara rẹ̀ ṣì le. Bí oòrùn ṣe ń gòkè, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, ó ń kanra mọ́ ìyàwó, ó ń ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò wọlé. Ebi nìkan kọ́ ni o, nítorí ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n jọ gba àwẹ̀ ń ṣeré níta. Nígbà tí ó di ìṣínu, omi ni ọmọ kọ́kọ́ bù mu, bàbá fi ògún sí sìgá, ó fà á, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pé."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Orí tí ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé yẹn, irú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti ń gbé kiri láti àárọ̀ láìnáwó. Sìgá kò fún bàbá ní nǹkan kan tí ọmọ kò ní. Ó kàn dá díẹ̀ padà fún un nínú ohun tí ó ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Owó èlé ni, ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹ sì mọ ohun tí owó èlé jẹ́.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọpọlọ àgbàlagbà kò wúwo ju nǹkan bí kílò kan ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ. Ọlọ́run fi èròjà kan sínú rẹ̀ tí a ń pè ní dópámíìnì. Bí ebi bá ń pa ọ́ tí o jẹun, bí ìṣirò tí ó ti dà ọ́ lórí rú bá ṣàdédé yé ọ, díẹ̀ á tú jáde nínú rẹ̀, ọpọlọ á sì wí fún ara pé: èyí dára, tún un ṣe. Ohun tí ń jẹ́ kí ọmọ padà sídìí ìwé lọ́la nìyẹn. Èéfín sìgá máa ń dé ọpọlọ láàárín ogún ìṣẹ́jú-àáyá tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, níkótíìnì inú rẹ̀ á sì fipá ṣílẹ̀kùn dópámíìnì. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ á tún ara rẹ̀ tò láti fi gba àlejò yìí. Láàárín wákàtí méjì, ìdajì níkótíìnì náà á ti lọ nínú ẹ̀jẹ̀, àyè tí ọpọlọ ti tò sílẹ̀ fún un á sì ṣófo, á máa ké. Ohun tí ó dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ìwé, bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, kò ní dùn mọ́. Ohun tí Yorùbá ń pè ní bárakú nìyẹn. Àṣejù tó ti di ara ni.

Àwa ará Òkè-Ògùn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sìgá bí ẹni pé àlejò ni tábà nílẹ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ sìgá ti wà ní Ìbàdàn láti 1937, wọ́n sì tún ṣí tuntun níbẹ̀ ní 2003. Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Àgọ́-Àrẹ wà lára ibi tí àgbẹ̀ ti gbin ewé náà fún títà. Owó tábà ló rán ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ sí iléèwé, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti já ewé tábà tútù nínú ìrì àárọ̀ rí mọ̀ pé òòyì lè kọ́ni, kí èébì sì máa gbéni, láìfi iná kàn án. Níkótíìnì ló gba awọ ara wọlé. Ohun tí igi tábà ń fi lé kòkòrò kúrò lára ewé rẹ̀ ni, òun náà ni a wá ń fà sínú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, kí a má sì tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìsọ̀ iwájú ilé yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Ẹnìkan á ní, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń jẹ obì ńkọ́? Ó tọ́ kí a bi ara wa. Kaféènì wà nínú obì, ó wà nínú kọfí, ó wà nínú tíì. Èròjà kan wà tí ń jọ sínú ọpọlọ látàárọ̀, òun ló ń jíṣẹ́ pé ó ti rẹ̀ ọ́, lọ sùn. Kaféènì kì í mú àárẹ̀ kúrò. Ó kàn ń di ìránṣẹ́ náà lẹ́nu ni. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́ àwọn ọlọ́bì àti ọlọ́kọfí ní ọjọ́ kìíní sí ìkẹta àwẹ̀. Kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ, ẹni tí ó bá sì ti ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Ṣàbánì kò ní mọ̀ ọ́n lára. A ò fi obì wé igbó o. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fi obì lé oorun lọ ní alẹ́ ìdánwò ń ṣe ara rẹ̀, nítorí ojú oorun ni ọpọlọ ti ń kó ohun tí a kà sí ààyè rẹ̀. Ẹ̀yin ahunṣọ Ìsẹ́yìn, ẹ mọ̀ pé bí a bá ta òwú tí a kò fi apasa gbá a mọ́ra, kò tíì di aṣọ. Oorun ni apasa ìwé kíkà.

Nípa igbó, èròjà inú rẹ̀ jọ èyí tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń ṣe, nítorí náà tààrà ló ń wọlé. Ọ̀kan lára ibi tí ó pọ̀ sí jù ni apá tí a fi ń rántí nǹkan tuntun. Ẹni tó mu ún á rò pé òye òun ń tàn, á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí ó rí, ṣùgbọ́n ní ọ̀la, bi í ní ohun tí ó kà. Àwọn onímọ̀ ní New Zealand tọpinpin ènìyàn 1,037 tí a bí ní ìlú Dunedin ní 1972 sí 1973. Wọ́n dán làákàyè wọn wò ní ọdún mẹ́tàlá, wọ́n tún dán an wò ní ọdún méjìdínlógójì. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2012 ni pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ igbó nígbà ọ̀dọ́ tí wọn kò sì jáwọ́ pàdánù tó máàkì mẹ́jọ nínú òṣùwọ̀n làákàyè. Àwọn tó dàgbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kò rí irú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tán: àwọn onímọ̀ mìíràn tó yẹ àwọn ìbejì wò ní 2016 ní ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilé tí a ti tọ́ ọmọ dá kún un. Síbẹ̀ kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó ní igbó ń fi kún làákàyè. Ọpọlọ ọmọ ènìyàn kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, apá iwájú orí tí a fi ń ronú kí a tó ṣe nǹkan ló sì ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó ń fa igbó ní ọdún mẹ́rìndínlógún ń da iyẹ̀pẹ̀ sínú kọnkéré tí kò tíì gbẹ.

Tramadol ni ó wá dé báyìí, tí ó gba oko àti iléèwé pọ̀. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á, ní 1977, fún ẹni tí ìrora ńlá ń dà láàmú. Ọlọ́kadà ń lò ó, ẹni tó ń kọ ebè ń lò ó, akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ó, wọ́n ní ó ń fún wọn lágbára. Kò fún ẹnikẹ́ni lágbára. Ó pa ẹnu ìrora mọ́ ni, ara sì ń bàjẹ́ lọ lábẹ́ rẹ̀. Oníṣègùn kì í sábà kọ ju àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù sínú ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ń jẹ́ igba àti 225. Bí ó bá pọ̀, ó ń fa gìrì bí ti wárápá, ó sì ń mú kí èémí lọ sílẹ̀ títí yóò fi dúró. Codeine inú oògùn ikọ́ jẹ́ ẹbí rẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń di morphine. Nítorí rẹ̀ ni Mínísítà Ètò Ìlera nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole, fi fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé ní May 2018. Àwọn ọmọ wá ń po oríṣiríṣi pọ̀ mọ́ sóbò, wọ́n ń pè é ní skuchies. Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa gbóòórùn ike sóbò tó wà nínú báàgì ọmọ yín.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ Èkó nìkan ni. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí a ṣe ní 2018 rí i pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn ní ìlòkulò láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, láìka sìgá àti ọtí. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó tó mẹ́rìnlá. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa, ó tó mẹ́tàlélógún.

Nígbà tí a ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ náà, ó dákẹ́. Ó wá ní, "Àfáà, èmi kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀, tramadol ló ń gbé e dìde, òun ló ń gbé e sùn. Bàbá wọn sì ti lọ ra ẹ̀wọ̀n.

A dé ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà lẹ́yìn àṣámù. Bàbá kò jẹ́ ènìyàn burúkú, ojú ń tì í ni. A rán an létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀, ní Ìbàdàn, ní November 2019, nígbà tí ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti so wọ́n mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní ibi ìwòsàn, lábẹ́ orúkọ ẹ̀sìn wa. Ẹ̀wọ̀n kì í tún ohun tí oògùn tò nínú ọpọlọ tò padà. Àkókò ló ń tún un tò, pẹ̀lú ìtọ́jú. Ẹni tó jáwọ́ nínú sìgá, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù, àti pé láàárín bí oṣù mẹ́ta, àwọn àyè tí níkótíìnì fẹ̀ nínú ọpọlọ á ti padà sí bí wọ́n ṣe wà. Oṣù àwẹ̀ sì ni ibi tí ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọtí ti di bárakú fún pátápátá, tàbí oògùn oorun, kò gbọdọ̀ já a lójijì fúnra rẹ̀, nítorí gìrì lè pa á. Ti tramadol náà, abẹ́ ojú dókítà ni kí ó ti ṣe é. Bí ó bá tún padà sí i lẹ́yìn oṣù kan, kì í ṣe pé ó ń tan yín jẹ. Bí àrùn náà ṣe rí nìyẹn, ẹ tún mú un lọ.

Bàbá bi wá pé níbo. A ní ilé ìwòsàn Aro wà ní Abẹ́òkúta, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ní 1954, UCH náà sì wà ní Ìbàdàn. Ó ní ọ̀nà jìn láti Ṣakí. A ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jìn. Ìyá ọmọ ló dìde, ó lọ tú owó aṣọ Ìtúnu rẹ̀ jáde nínú àpótí, ó kà á sórí ẹní.

Lẹ́yìn sààrì ọjọ́ kejì, bàbá àti ọmọ wọ mọ́tò Ìbàdàn. Títí di ìgbà tí a fi ń tẹ ìwé yìí, ó ṣì ń lọ gbàtọ́jú. Àbúrò rẹ̀ ti ṣe ìdánwò tirẹ̀, èsì ni wọ́n ń retí.