Àyè Láti Tún Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Nílé
Baálé tí ń ti Arepo lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́, nígbà wo ni yóò rí àyè tún Volkswagen Ìjàpá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ṣe? Ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to irú ọkọ̀ yìí ní Èkó. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, atẹ́gùn ni ó sì ń mú un tutù.

Kí ó má ṣe gba àkókò aya àti ọmọ fún ọkọ̀. Wákàtí kan ní ọ̀sán Sátidé tó: ọ̀sẹ̀ yìí kàbúrétọ̀, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ bíréèkì. Kí ọmọ di tọ́ọ̀ṣì mú, kí ó sì máa kó nọ́ọ̀tì sínú agolo. Ọkọ̀ lè dúró de ni. Ọmọdé kì í dúró kí ó má dàgbà.