Àpá Irorẹ́, Ìtànṣán Lésà àti Awọ Dúdú

Ẹni tí ó bá ti gun òkè Agbájá rí ní ọ̀sán gangan, ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, yóò mọ ohun tí oòrùn lè ṣe. Òkúta irin tí ó pupa rúsúrúsú, tí ó sì ṣú, ni ó bo orí òkè pẹrẹsẹ náà lẹ́bàá Lọ́kọ́já ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Bí oòrùn bá ti kàn án, kò ṣe é fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ mọ́. Aṣọ funfun tí a sá sórí okùn nítòsí rẹ̀ kò ní gbóná tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn kan náà ni ó pa àwọn méjèèjì. Ohun tí ó bá ṣú a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì, a sì máa sọ ọ́ di ooru. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tí ó ni Agbájá, àwọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá Ọ̀kun, kò nílò olùkọ́ lórí èyí. Síbẹ̀, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò fi ìtànṣán lésà pa àpá irorẹ́ ojú wọn rẹ́.

Irorẹ́ kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi kòtò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó mọ bí ó ti ń dunni tó nígbà tí ìgbéyàwó bá ku oṣù mẹ́ta, kò sì yẹ kí a fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lésà ni ìmọ́lẹ̀ tí a kó jọ sójú kan, tí ó ń lọ tààrà bí ọfà. Oníṣègùn a máa fi í dá ọgbẹ́ kéékèèké sí awọ, kí ara lè tún ara rẹ̀ ṣe, kí kòtò náà sì kún díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà fún àwa aláwọ̀ dúdú. Aró tí Ọlọ́run fi pa wá láró wà ní òkè awọ, irú ìtànṣán mìíràn sì ń bá a níbẹ̀ kí ó tó dé ibi tí a rán an. Irú kejì kò wá aró. Omi inú awọ ni ó ń sè. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ rẹ̀ bá ti ta awọ náà jí, àwọn ohun tí ń pèsè aró a bẹ̀rẹ̀ sí pèsè rẹ̀ lápọ̀jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú a ṣú pátápátá ní ibi tí a fọwọ́ kàn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, aró náà a kú, awọ a sì funfun láwẹ́láwẹ́. Dúdú sábà máa ń ṣá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Funfun lè má lọ mọ́ láéláé.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra wa. Theodore Maiman ni ó kọ́kọ́ ṣe lésà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Nígbà tí oníṣègùn Thomas Fitzpatrick ṣe ìpínsísọ̀rí awọ ènìyàn ní ọdún 1975, nípa bí oòrùn ṣe ń jó o, awọ àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pín sí mẹ́rin. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó fi ìkarùn-ún àti ìkẹfà kún un, níbi tí tiwa wà. Ẹni tí ó bá ń ṣí ẹ̀rọ, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin èkejì àti ìkẹfà, kí a sá fún un.

Ọ̀nà wà. Lésà tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG ń wọlé jìn, aró awọ kì í sì í gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ awọ fi ń yàn án fún àwọn adúláwọ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ gún ojú àpá dípò ìmọ́lẹ̀, ewu ìṣú ojú sì kéré níbẹ̀. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, oníṣègùn gidi yóò kọ́kọ́ dán an wò ní ibi kékeré tí kò hàn, yóò sì dúró ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Yóò bèèrè oògùn tí a ń lò, àti bí ọgbẹ́ àtẹ̀yìnwá ṣe jinná lára ẹni náà. Ẹni tí kò béèrè nǹkan kan àfi owó, owó ni ó ń tọ́jú.

Ohun tí ó burú jù ni èyí tí ń tẹ̀lé e nígbà tí ojú bá ti ṣú. Ìtìjú a gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ìpara ìbóra. Hydroquinone, tí oníṣègùn lè fi tọ́jú àbàwọ́n bí ó bá ń ṣọ́ ọ, a máa sọ awọ di dúdú bí aró ẹlú bí a bá ń fi pa ojú fún ìgbà pípẹ́ láìsí alábòójútó. Àwọn ìpara tí wọ́n fi steroid pò a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́, wọn a sì tún hu irorẹ́ tuntun, bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oòrùn ni ó kù. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ tí ó bá gba ìtọ́jú ní Àbújá lọ́jọ́ Ẹtì, tí ó sì jókòó sí òde ìgbéyàwó ní Agbájá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láìfi fìlà bò ó, ti fi ojú tí kò tíì jinná lé oòrùn lọ́wọ́. Ìpara tí ń dènà oòrùn, fìlà ètí gbòòrò àti òjìji ni ó yẹ kí ó máa bá a gbé fún oṣù púpọ̀. Bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá sì ti súnmọ́, kí ó jẹ́ kí ìtọ́jú náà di ẹ̀yìn ìgbéyàwó.