Ìgbéléwọ̀n Fíìmù Abanilẹ́rù Olówó Kékeré: Carnival of Souls Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Àṣamọ̀
Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù àgbéléwò ló máa ń fi iye owó tí wọ́n ná sí fíìmù, tàbí bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ tó, dá a lẹ́jọ́. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìbéèrè mẹ́ta tó yẹ kí lámèyítọ́ bi ara rẹ̀ kí ó tó sọ pé fíìmù abanilẹ́rù olówó kékeré dára tàbí kò dára. Fíìmù Amẹ́ríkà kan, Carnival of Souls, tó jáde ní ọdún 1962, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé ẹ̀dà burúkú yàtọ̀ sí fíìmù burúkú, àti pé àìlówó lè di ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

1. Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ ni lámèyítọ́, ó sì yẹ kí ó gbọ́ tọ̀tún tòsì. Fíìmù abanilẹ́rù tí kò gbajúmọ̀, tí kò sì lówó lẹ́yìn, kì í sábà rí irú ìgbọ́ròyé bẹ́ẹ̀. Àwọn kan yóò rí ẹfun lójú òṣèré, wọn yóò bú sẹ́rìn-ín, ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Àwọn mìíràn, ẹ̀wẹ̀, yóò máa gbé e gẹ̀gẹ̀ nítorí pé kò wọ́pọ̀, bí ẹni pé ohun tó bá ti ṣọ̀wọ́n ti di iyebíye. Ọ̀nà méjèèjì kò tọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ fíìmù àgbéléwò wa ni wọ́n yà sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ bàjẹ́. Ooru ń ṣe é, ìdọ̀tí ń ṣe é, ẹ̀rọ tí a ó fi wò ó sì ń kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tí àwa bá pè ní pàǹtí lónìí, kò sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ de ọ̀la. Nítorí náà, ìdájọ́ wa lè pa iṣẹ́ run.

2. Fíìmù náà àti àwọn tó ṣe é
Herk Harvey ló darí Carnival of Souls. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ kó jẹun ni yíya fíìmù fún ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ ní Centron, ní ìlú Lawrence, ìpínlẹ̀ Kansas. Akẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, John Clifford, ló kọ ìtàn náà. Nǹkan bí dọ́là 33,000 ni wọ́n ná, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì fi ya á. Harvey kò tún darí fíìmù gígùn mìíràn fún ilé sinimá títí ó fi kú ní 1996.

Olú ẹ̀dá ìtàn ni Mary Henry, tí Candace Hilligoss ṣe. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wà nínú ọkọ̀ kan tó ń bá ọkọ̀ mìíràn sáré ìje lórí afárá. Ọkọ̀ wọn já sódò. Lẹ́yìn wákàtí púpọ̀ tí wọ́n ti ń wá wọn, Mary nìkan ló jáde, ẹrẹ̀ bò ó lára. Ó kó lọ sí ìpínlẹ̀ Utah láti ṣe atẹdùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Láti ojú ọ̀nà ni ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ funfun bí òkú ti ń yọ sí i. Gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ti pa tì létí adágún sì ń fà á bí ẹni pé wọ́n ń pè é.

3. Ìbéèrè kìn-ín-ní: ẹ̀dà wo ni a wò?
Wọn kò fi àmì ẹ̀tọ́ olóhun sára fíìmù yìí nígbà tó jáde. Ohun tó tìdí èyí yọ ni pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà. Ó bọ́ sórí tẹlifíṣàn, ó bọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí díìsìkì, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀dà náà ló sì ṣókùnkùn tàbí kí ohùn rẹ̀ máa ha. Gígùn wọn pàápàá kò dọ́gba: ọ̀kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 78, òmíràn lé ní 80. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Criterion gbé e jáde ní 2000, wọ́n sì tún gbé ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe dáadáa jáde ní 2016.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìdájọ́? Ẹ jẹ́ ká wo ibi kan. Mary wà nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Lójijì, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó rí i. Ó jáde sí títì, ariwo ọkọ̀ ti dákẹ́, ti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ náà ti dákẹ́. Ìgbà tí ẹyẹ ké nínú ọgbà ni etí rẹ̀ tó là. Ìdákẹ́jẹ́ ni gbogbo ẹ̀rù ibẹ̀. Bí ẹ̀dà tí a ń wò bá ń ha ṣàà, ìdákẹ́jẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, òǹwòran yóò sì rò pé ohun èlò ló dákú. Yóò dá olùdarí lẹ́bi ohun tí ẹni tó da ẹ̀dà kọ ṣe.

4. Ìbéèrè kejì: kí ni wọ́n fi àìní ṣe?
Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò bójú mu láti fi fíìmù olówó iyebíye wọn èyí tí wọ́n fi owó kékeré ṣe. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé: ohun tí wọn kò ní, kí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ǹjẹ́ ìrọ́pò náà sì wúlò fún ìtàn?

Harvey kò lówó kíkọ́ ààfin òkú. Ó ti rí Saltair, gbọ̀ngàn ńlá tó dá páropáro létí Great Salt Lake, nígbà tó ń wakọ̀ darí sílé láti California. Ibẹ̀ gan-an ló bí ìtàn náà. Kò gba ẹgbẹ́ olórin. Dùùrù tí Gene Moore tẹ̀ ló gba fíìmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Atẹdùùrù sì ni Mary, nítorí náà òǹwòran kì í lè sọ bóyá orin fíìmù ni òun ń gbọ́ tàbí ohun tó wà nínú orí ọmọbìnrin náà. Ní ti ọkùnrin ojú funfun, Harvey fúnra rẹ̀ ló kun ojú tó ṣe é. Kì í fò, kì í gbin. Ó kàn ń wò. Ẹfun lásán nìyẹn, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń yọ, lójú fèrèsé ọkọ̀ àti lórí àtẹ̀gùn ilé, ni ẹ̀rù wà.

5. Ìbéèrè kẹta: ǹjẹ́ ẹ̀rù náà ní ìtumọ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó bá wo fíìmù yìí yóò tètè sọ pé, “Àkúdàáyà ni.” Òótọ́ ló sọ. Ní òpin, wọ́n fa ọkọ̀ náà jáde lódò ní Kansas, òkú Mary sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ wa, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé tó kú lè lọ gbé ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó fẹ́ ẹni tó wù ú, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà ayé rẹ̀ yóò fi kò ó lójú. Mary náà rìn jìnnà, ó ríṣẹ́, ó gba yàrá. Ìyàtọ̀ kan ló wà: àkúdàáyà mọ̀ pé òun ti kú, òun ló sì ń sá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mary kò mọ̀. Àwọn òkú ló ń wá a kiri.

Ǹjẹ́ mímọ òpin ìtàn ba fíìmù jẹ́ fún wa? Rárá o. Àlọ́ tí ọmọdé ti gbọ́ rí kì í sú u. Ẹni tó ti mọ̀ pé Mary kú yóò rí i pé ibi ṣọ́ọ̀bù aṣọ yẹn kì í ṣe àdììtú mọ́, ìbànújẹ́ ni. Yóò rí i pé nígbà tí àlùfáà ìjọ lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí orin tó ń tẹ̀, ibi kan ṣoṣo tó ń so ó mọ́ alààyè ló já yẹn. Fíìmù abanilẹ́rù tó ṣeé wò lẹ́ẹ̀kejì báyìí ju kí a kàn máa pariwo lọ.

6. Àléébù rẹ̀
Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ní àwọn ibì kan, ohùn kò bá ẹnu òṣèré mu. Àwọn kan nínú òṣèré ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Dókítà tí Mary bá pàdé ń ṣàlàyé ohun tí àwòrán ti sọ tán. Owó lè ṣàtúnṣe ti ohùn, ṣùgbọ́n àṣejù àlàyé kò ní í ṣe pẹ̀lú owó. Ẹ̀bi òǹkọ̀wé ni. Ó yẹ kí lámèyítọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀.

7. Lílò rẹ̀ nínú kíláàsì
Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ fíìmù àgbéléwò Yorùbá, kí ó kọ́kọ́ kọ irú ẹ̀dà tó wò àti gígùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó to ohun tí wọn kò ní lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n fi rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀. Kí ó wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó ti mọ òpin rẹ̀. Ìgbà náà ni kí ó tó to àléébù, kí ó sì sọ èyí tí àìlówó fà àti èyí tí àìronújinlẹ̀ fà.

8. Àgbálọgbábọ̀
Carnival of Souls kò pa owó gọbọi nígbà tó jáde. Ohun tó kó o yọ ni pé ẹ̀dà rẹ̀ kò tán, àwọn kan sì wò ó dáadáa, títí ó fi padà sí ilé sinimá ní 1989. Àwọn fíìmù wa tó wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn ń dúró de irú olùwò bẹ́ẹ̀. Kí a tó sọ pé wọn kò dára, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá fíìmù ni a dá lẹ́jọ́, tàbí kásẹ́ẹ̀tì.