Bentley Méjì Tí Barnato Ní

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di lọ́yà ńlá báyìí, pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tí wọ́n pààrọ̀ ṣáásì, tí wọ́n tún wá pààrọ̀ bọ́dì, ṣé ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn náà la ṣì ń pè é?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ilé ẹjọ́ kan nílùú London ti dáhùn ìbéèrè yẹn lọ́dún 1990, àti pé mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn ló rọ̀ mọ́ ìdáhùn ọ̀hún. Mo ṣèlérí pé màá kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Òun nìyí.

Bentley Speed Six kan ni ọkọ̀ tá à ń wí, tí wọ́n ń pè ní Old Number One. Woolf Barnato ló ni ín. Bàbá Barnato ti rí owó gọbọi nídìí dáyámọ́ńdì ní South Africa, ọmọ sì fi lára owó náà gbé ilé iṣẹ́ Bentley ró nígbà tí ọwọ́ W. O. Bentley tó dá a sílẹ̀ ti ń gbẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe alága tó kàn jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ eré ìje wákàtí 24 ní Le Mans, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbà á: 1928, 1929, 1930. Lọ́dún 1929, òun àti Tim Birkin ni. Lọ́dún 1930, òun àti Glen Kidston. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n fi gba ti ọdún méjèèjì yìí.

Ọkọ̀ kan náà, ni mo wí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ ná.

Ọkọ̀ eré ìje kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń rọra gbé lọ sí ọjà. Tí eré bá ti parí, wọ́n á tú u palẹ̀, ohun tó bá ti rẹ̀ wọ́n á yọ ọ́ dànù, wọ́n á fi tuntun sí i. Lọ́dún 1931, ilé iṣẹ́ Bentley wọ gbèsè, Rolls-Royce rà á. Síbẹ̀, lọ́dún yẹn náà, Jack Dunfee àti Cyril Paul fi Old Number One gba eré máìlì 500 ní Brooklands. Nígbà tó fi máa di 1932, wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́jọ sínú ẹ̀. Clive, àbúrò Jack, ló ń wà á nínú eré ti ọdún yẹn nígbà tó fò kọjá etí òkè ọ̀nà Brooklands tó dà bí ògiri, ó sì kú. Barnato kò jù ú sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé bọ́dì kúpẹ́ẹ̀ lé e kó lè máa rìn ní ìgboro. Láti ibẹ̀ ló ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Nígbà tó di 1990, tí owó ọkọ̀ àtijọ́ ti gun òkè kọjá ààlà, ẹni tó ni ín nígbà náà bá ilé iṣẹ́ kan ṣe àdéhùn láti tà á ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn. Ẹni tó fẹ́ rà á wá kọ̀. Ó ní èyí kì í ṣe ọkọ̀ tó gba Le Mans. Ló bá di kóòtù.

Adájọ́ Otton ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Àwọn ọ̀mọ̀ràn tú ọkọ̀ yẹn wò bí ẹní ń wo ara òkú. Nínú ọkọ̀ 1929, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé kò sí ohun tó kù. Nínú ti 1930, ohun mẹ́ta péré: irin tí pẹ́dà rọ̀ mọ́, ìkarahun gíàbọ́ọ̀sì, àti ọ̀pá tí sítíárìn wà lórí ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ti 1932 ni: ṣáásì, sípíríǹgì, ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́jọ yẹn. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, irin tó kù kì í ṣe irin tó gbégbá orókè. Irin tí Clive Dunfee kú lé lórí ni. Mi ò mọ ẹni tó lè ka ìyẹn kí ara ẹ̀ má bù máṣọ.

Tó bá jẹ́ irin nìkan la fẹ́ wò, ẹni tó fẹ́ tà á ti jẹ̀bi. Àmọ́ adájọ́ dá a láre. Ó gbà pé a ò lè sọ pé ọkọ̀ náà wà bó ṣe jáde látọwọ́ àwọn tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe pé ẹnì kan ṣa àjákù jọ tó fi rọ òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ohun tuntun ń wọlé, tó sì ń di ara ọkọ̀. Kò sí ọjọ́ kan pàtó téèyàn lè tọ́ka sí pé ọjọ́ yìí ni Old Number One kú. Kò sì sí Bentley mìíràn láyé tó lè dìde pé òun lòun ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì òfin ilẹ̀ mi ti gbọ́ irú èyí rí, àbí? Tí ẹbí bá fẹ́ fi ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ gba ilẹ̀ ní kóòtù, wọ́n á sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn tó jogún ẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn títí dé orí wọn. Igi tí baba ńlá gbìn lè ti wó, ilé tó kọ́ lè ti di àlàpà, ìyẹn ò pa ẹjọ́. Ohun tó ń pa á ni kí okùn ìtàn já láàárín.

Ibi tí ẹni tó ń tọpa ọkọ̀ ti ń wá okùn yẹn, ìwé ni. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó ṣe ọkọ̀, tí nọ́ńbà ṣáásì àti ti ẹ́ńjìnnì wà nínú ẹ̀. Ìwé ọkọ̀ tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá rà á sí. Rìsíìtì àwọn tó kan bọ́dì. Fọ́tò orí pápá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n kó ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ jọ sí Swansea ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n dànù. Ó ń dùn mí dọ́kàn.

Bí ìwé ṣe lágbára tó, Bentley kejì ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Ní oṣù kẹta ọdún 1930, Barnato ta tẹ́tẹ́ pé òun á gbéra ní Cannes, òun á sì ti wọ London kí rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Blue Train tó dé Calais. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi ṣáájú ẹ̀. Ó ní Speed Six kúpẹ́ẹ̀ kan tí Gurney Nutting kan bọ́dì ẹ̀, rèǹtè rente bí ẹja, èyí ni gbogbo ayé sì gbà pé ó fi sáré náà. Terence Cuneo tilẹ̀ yà á sí àwòrán, òun àti rélùwéè ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìgbà táwọn olùwádìí yẹ ìwé wò, wọ́n rí i pé oṣù karùn-ún ni kúpẹ́ẹ̀ yẹn tó jáde, oṣù méjì lẹ́yìn tẹ́tẹ́. Sàlúùnù kan báyìí tí H. J. Mulliner kan bọ́dì ẹ̀, tí kò jọni lójú tó bẹ́ẹ̀, ló wà nínú eré náà. Ẹ ò rí i báyìí: ti Old Number One, irin ti lọ, ìtàn dúró; ti kúpẹ́ẹ̀, irin pé pérépéré, ìtàn ni kì í ṣe tirẹ̀. Síbẹ̀ náà, Blue Train ni wọ́n ṣì ń pè é.

Lọ́yà mi ò tíì jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ sà, ká ní ẹnì kan ti ń ṣa gbogbo irin 1929 tí wọ́n ń yọ dànù pa mọ́, tó wá tò wọ́n pa dà, èwo ni Old Number One?" Kóòtù ò dé ibẹ̀, torí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò yọjú. Lójú tèmi o, èyí tí Barnato ò jù sílẹ̀ lẹ́yìn ikú Clive ni. Ó ní òun á pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.